Orin Tí A Fi Ábídí Kọ

Ní ìlú Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà nígbà kan rí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Francis O'Neill, ọmọ bíbí ilẹ̀ Ireland, ẹni tí a bí ní agbègbè Cork ní ọdún 1848, tí ó fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ nígbà èwe, tí ó di atukọ̀ ojú òkun, tí ó rí ìlú rí ọ̀nà kí ó tó fìdí kalẹ̀ sí Chicago, tí ó sì ń gòkè nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di olórí wọn pátápátá ní ọdún 1901. Ọkùnrin yìí mọ orin. Orin ijó àti orin arò ilẹ̀ baba rẹ̀ tí ó gbọ́ láti kékeré kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ lórí omi, kò kúrò níbẹ̀ lórí ilẹ̀; ó ń fun fèrè, ó sì ń ṣa orin jọ lẹ́nu àwọn ará ilé tí wọ́n bá a ṣe àtìpó ní Amẹ́ríkà. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè ṣe: kò lè kọ orin kan sílẹ̀ lórí ìlà márùn-ún. James O'Neill, ọlọ́pàá bíi tirẹ̀, tí orúkọ wọn bára mu láìjẹ́ pé wọ́n bára tan, ni ó mọ̀ ọ́n kọ. Bí Francis bá ti ń fun ún, tàbí tí ó ń fi ẹnu kọ ọ́, ni James ń kọ ọ́ sínú ìwé, títí àwọn méjèèjì fi kó orin 1,850 jọ sínú ìwé ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 1903, tí ìwé mìíràn tí ó kún fún orin ijó 1,001 sì tẹ̀lé e ní ọdún 1907.

Orí bá Francis O'Neill ṣe é tí James fi wà nítòsí. Àìmọye ènìyàn ni orin kún inú wọn bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ Ireland àti ní ilẹ̀ tiwa, tí wọn kò rí James kankan, tí orin inú wọn sì bá wọn wọ káà ilẹ̀ lọ. Èmi kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu ìkọ̀wé orin orí ìlà, nítorí iṣẹ́ ọgbọ́n ni, láti ìgbà tí Guido ará Arezzo ní ilẹ̀ Ítálì ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n kà dáadáa yóò fi ojú lásán gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sí i létí. Ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀kọ́ pípẹ́, ó gba olùkọ́ tí í gba owó, ó sì gba ìtẹ̀wé tí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó lè tẹ̀ ẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mọ orin àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ wá di ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọn kò bá sì pàdé, orin náà ni yóò fara gbá a.

Àwọn kan ti rí èyí tipẹ́, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Sarah Glover, olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ronú pé bí a bá lè fi lẹ́tà lásán dúró fún ohùn orin, àwọn ọmọ tálákà pàápàá yóò lè kọrin láti inú ìwé. Ó tẹ ìwé lórí ọ̀nà yìí jáde ní ọdún 1835. Nígbà tí ó di ọdún 1841, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣe àpérò ní ìlú Hull, wọ́n sì bẹ àlùfáà kan tí ń jẹ́ John Curwen pé kí ó bá wọn wá ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ láti kọ́ ìjọ ní orin. Ọ̀nà Glover ni ó mú, ó tún un tò, ó tún un rọ, ó sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí tonic sol-fa. Lẹ́tà méje péré: d, r, m, f, s, l, t. Àmì kólọ́ọ̀nù ń la bíìtì kan sí ìkejì, àmì ìdánudúró ń pín bíìtì sí méjì, ìlà kékeré tí ó dùbúlẹ̀ ń fa ohùn gùn. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń tẹ Bíbélì kò lè tẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi pọ́ọ́kú, tí àwọn míṣọ́nnárì fi rí i gbé ká gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Sol-fa ni Enoch Sontonga, tíṣà ilé-ìwé Mẹ́tọ́díìsì nítòsí Johannesburg, fi kọ Nkosi Sikelel' iAfrika ní ọdún 1897. Sol-fa kan náà ni ó wọ Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, tí ó wọ ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí ní abẹ́ Olúmọ, tí ó wọ Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, bí o bá wọ yàrá akọrin èyíkéyìí níbi tí a ti ń kọ́ orin ọ̀sẹ̀ ìkórè tàbí ti Kérésìmesì, lẹ́tà méje yẹn ni ìwọ yóò rí lára pátákó, tí ọ̀gá akọrin ń fi ọ̀pá tọ́ka sí, tí sopránò, áltò, tẹ́nọ̀ àti báàsì sì ń kọ ọ́ ní ohùn ara wọn kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ sí i.

Mo sọ gbogbo èyí kí ó lè hàn pé ohun tuntun tí mo fẹ́ yìn kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ti lè rò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹlẹ́gbẹ́ akọrin kan ní Mushin tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé a lè fi kíbọ́ọ̀dù fóònù lásán tẹ orin bí ẹni ń tẹ létà sí ọ̀rẹ́, kí fóònù náà sì kọ orin ọ̀hún jáde fún un lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí ó yà lẹ́nu. Ilé lẹ́tà ni a ti tọ́ ọ dàgbà.

Ọ̀nà náà ni wọ́n ń pè ní ABC. Chris Walshaw, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó pilẹ̀ rẹ̀. Kí ó tó kọ́ ìkọ̀wé orí ìlà rárá ni ó ti máa ń fi lẹ́tà ṣe àkọsílẹ̀ orin ìbílẹ̀ tí ó bá gbọ́, kí ó má baà gbàgbé. Nígbà tí ó yá, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà kọ orin fèrè alápò ti ilẹ̀ Faransé, ó rí i pé àṣẹ tí ó ní láti tẹ̀ sínú ètò tí a ń pè ní MusicTeX pọ̀ jù, ó sì ń súni. Ó wá ṣe ètò kékeré kan tí yóò máa gba lẹ́tà rẹ̀ àtijọ́ wọlé, tí yóò sì máa sọ wọ́n di àṣẹ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1993, ètò náà ti gbó, abc2mtex sì ni orúkọ rẹ̀. Àsìkò náà ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀, tí lẹ́tà lásán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn lè fi ránṣẹ́ láìsí wàhálà. Àwọn olórin ìbílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin ránṣẹ́ sí ara wọn nínú létà, ọ̀rọ̀ àti orin papọ̀, àwọn òǹkọ̀wé ètò mìíràn sì fi kún un lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi wá ní òfin ABC tí a ń lò báyìí, èyí tí a pè ní 2.1, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2011.

Bí a ti ń kọ ọ́ kò le. Àwọn ìlà bíi mélòó kan ni yóò ṣáájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kan àti kólọ́ọ̀nù. X ni nọ́ńbà orin, òun ni ó gbọ́dọ̀ ṣíwájú. T ni àkọlé. C ni ẹni tí ó ṣe orin. M ni iye bíìtì tí ó wà nínú bar kan. L ni gígùn tí a fún lẹ́tà kan nígbà tí nọ́ńbà kankan kò bá tẹ̀lé e. Q ni ìyára. K ni kíì, òun ni ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, nítorí ibi tí K bá ti parí ni orin ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, C D E F G A B ni ohùn méje tí ó bẹ̀rẹ̀ láti C àárín dùùrù. Bí a bá fi lẹ́tà kékeré kọ wọ́n, wọ́n gòkè sí ìpele kejì. Àmì kọ́mà lẹ́yìn lẹ́tà ńlá ń mú un sọ̀kalẹ̀, àmì kékeré tí ó dúró lókè lẹ́yìn lẹ́tà kékeré ń mú un gòkè sí i. Nọ́ńbà 2 lẹ́yìn lẹ́tà sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìlà tí ó dàgẹ̀rẹ̀ pín in sí méjì, z ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìkíni kan tí gbogbo ilé ń lò, kì í ṣe orin ẹnikẹ́ni, kí ó fi bí ó ti rí hàn:

X:1
T:Ẹ kú àbọ̀
M:4/4
L:1/4
Q:1/4=80
K:C
D E C C |]
w:Ẹ kú à-bọ̀

Ìlà mẹ́jọ náà nìyẹn. Ìlà tí ó gbẹ̀yìn, tí ó fi w kékeré bẹ̀rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ orin. Àlàfo ń la ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, àmì ìsopọ̀ ń la sílébù sí sílébù, bẹ́ẹ̀ ni sílébù kọ̀ọ̀kan yóò sì wá ohùn tirẹ̀ lọ dúró sí abẹ́ rẹ̀ láìsí pé a ń fi ọwọ́ tì í. Bí a bá fẹ́ kí sílébù kan gun ohùn méjì, àmì ìlà ìsàlẹ̀ kan ni a ó fi sí i. Orin olóhùn mẹ́rin kò sì yàtọ̀: a ó kọ V:1, V:2, V:3, V:4, ohùn kọ̀ọ̀kan a sì ní ìlà tirẹ̀.

Ẹni tí ó ń ti orí sol-fa bọ̀ gbọ́dọ̀ kíyè sí ohun méjì, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé dò inú sol-fa kò ní ibùjókòó kan. Ibi tí kíì bá wà ni ó ń lọ jókòó sí. Lẹ́tà ABC kì í ṣí nípò. Bí orin bá wà ní kíì G, G ni dò, A ni re, B ni mí, c kékeré ni fa, d ni so, e ni la, f ni ti. Ṣáàpù tí f náà sì yẹ kí ó ní, ìlà K:G ti fi sí i ná, a kò tún ní láti kọ ọ́. Èkejì ni pé gbogbo lẹ́tà sol-fa ni a ń kọ ní kékeré, nígbà tí lẹ́tà kékeré inú ABC jẹ́ ohùn òkè. Ẹni tí ó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ yóò gbọ́ orin rẹ̀ tí ó ń fò sókè sódò, yóò sì rò pé ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́. Ní ti gígùn ohùn, ìyípadà náà rọrùn: ohun tí ìwé sol-fa kọ báyìí, | d : r . m | s : — ||, bí a bá fún un ní M:2/4, L:1/8 àti K:C, yóò di C2 DE | G4 |]. Ẹni tí ó bá ṣe irú rẹ̀ fún ojú ìwé kan yóò ti rí ọ̀nà lọ.

Wàyí o, níbo ni a ó ti máa ṣe é? Ibí yìí ni ọgbọ́n àwọn ọmọ ìsinsin yìí ti wọ̀ ọ́. Láyé ọjọ́un, ẹni tí ó kọ ABC ní láti ní kọ̀ǹpútà, kí ó gbé ètò kan wá sínú rẹ̀, kí ó pàṣẹ, kí ó dúró, kí ó sì ṣí ìwé tí ó jáde. Nísinsin yìí, ojú ìkànnì kan ṣoṣo ti tó. Gregory Dyke àti Paul Rosen kọ ohun kan tí ń jẹ́ abcjs, Jean-François Moine, ará Faransé, kọ abc2svg, àwọn méjèèjì ni ó sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irinṣẹ́ ABC tí ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Michael Eskin ní Amẹ́ríkà kọ́ irinṣẹ́ tirẹ̀ lé abcjs lórí, tí ó sọ ọ́ ní ABC Transcription Tools, tí ẹnikẹ́ni sì lè ṣí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá ṣí irú ojú ìkànnì bẹ́ẹ̀, àpótí kan yóò wà fún lẹ́tà, àyè kan yóò sì wà fún ìlà márùn-ún. Bí o ti ń tẹ lẹ́tà lápá kan ni nóòtì ń hù lápá kejì. Bí o bá pa lẹ́tà kan rẹ́, nóòtì rẹ̀ yóò pòórá. Bí o bá fi ìka kan nóòtì lórí ìlà, lẹ́tà tí ó bí i yóò fara hàn fún ọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. O tẹ bọ́tìnì, orin bẹ̀rẹ̀, nóòtì tí ó ń dún lọ́wọ́ sì ń yí àwọ̀ padà bí orin ti ń lọ, tí ojú ń bá etí rìn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ibi tí ojú ti ń bá etí rìn yìí gan-an ni mo ti rí èrè iṣẹ́ náà jù. Akọrin tí kò lè ka ìlà márùn-ún, tí a ti sọ fún láti ìgbà èwe pé ti àwọn aládùúrù ni, yóò tẹ orin tí ó mọ̀ dunjú ní lẹ́tà, yóò sì rí bí orin náà ti rí lórí ìlà. Yóò tẹ D, yóò rí ibi tí D ń gbé. Yóò fi 2 sí i, yóò rí bí ojú rẹ̀ ti yí padà. Kò sí ọ̀gá tí ń dá a lóhùn pẹ̀lú ìkanra, kò sí ẹlẹgbẹ́ tí ń fi í rẹ́rìn-ín. Bí bíìtì inú bar kan bá lé, a rí i, a tún un ṣe, a tún un kọ. Ọ̀nà ẹ̀kọ́ tí ó ti pẹ́ tí a ti ń wá nìyí fún àwọn tí kò lágbára owó olùkọ́, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin wa kò tíì gbọ́ pé ó wà.

Ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà ìdánrawò kò kéré. Orin tí ó yá jù, a ó dín nọ́ńbà iwájú Q kù, ó di ohun tí báàsì tí kò yára lè bá rìn. Orin tí ó ga jù fún sopránò wa, a ó pàṣẹ fún irinṣẹ́ náà kí ó gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní ìpele kan tàbí méjì. Bí a bá kọ %%MIDI program 19 sí iwájú orin, ohùn ọ́gánì ilé ìjọsìn ni yóò fi dún dípò ohùn dùùrù. Tẹ́nọ̀ tí ó ń sọnù sínú áltò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ lè gba ohùn tirẹ̀ nìkan, kí ó máa gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ bí ó ti ń lọ síbi iṣẹ́. Orin ijó kan kì í sábà tó kílóbáìtì kan, èyí tí ó mú kí ó kéré jìnnà sí fọ́tò tí a fi fóònù ya lára ìwé orin, tí a sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ó sì dúdú lápá kan nítorí òjìji ọwọ́. Irinṣẹ́ Eskin tilẹ̀ lè fi orin odindi pamọ́ sínú àdírẹ́sì ìkànnì, tí ẹni tí o bá fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí yóò kàn fi ìka kàn án, orin á ṣí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni kí a sọ ti èdè wa. Àwọn orin ìjọ àkọ́kọ́ tí a kọ ní Yorùbá, orin àwọn òyìnbó ni, tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí lábẹ́, láìka bí ohùn ọ̀rọ̀ ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀ sí. Ohùn tí a fi ń pe «Olúwa» ni re mí re. Orin tí ó bá gbé e ní mí re dò ti fọ́ ọ lẹ́nu, kódà bí àwọn olùjọsìn bá ti mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò gbọ́ ọ mọ́. Thomas Ekundayo Phillips, tí a bí ní ọdún 1884, tí ó kọ́ orin ní Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì tẹ ọ́gánì Kàtídírà Christ ní Marina ní Èkó láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìwé rẹ̀ Yoruba Music, tí ó jáde ní ọdún 1953, dá lé e pé ọ̀rọ̀ àti orin wa kò ṣeé yà nípa. Ṣáájú rẹ̀ ni Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti ti ń ṣe orin tí ó ń bá ohùn ẹnu àwọn Ẹ̀gbá lọ, tí ó sì lọ kọ wọ́n sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Àwọn àgbà yẹn ṣe é pẹ̀lú etí, sùúrù àti dùùrù. Àwa tí a kò ní etí tó tiwọn ní irinṣẹ́ kan tí wọn kò ní: a lè tẹ ọ̀rọ̀ orin tuntun sí abẹ́ ohùn rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé pérépéré, nítorí òfin 2.1 gba Unicode wọlé, kí a sì fi ojú àti etí wò ó bóyá ohùn ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè. Gbogbo ọmọ tí ó jókòó nínú kíláàsì Yorùbá ni a ti kọ́ ní dò re mí kí ó tó mọ àmì ohùn. Ẹ̀kọ́ orin àti ẹ̀kọ́ ìkọ̀wé ti jọ wà ní àyà kan náà fún un. Èmi kò sọ pé kí orin kọ̀ọ̀kan máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ bí ẹrú, nítorí orin tí ó bá ní ohùn mẹ́ta péré kì í ṣe orin mọ́; gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì, ibi tí orin bá ti kọ̀yìn sí ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a ti tún un dá. Wákàtí kan níwájú irú ojú ìkànnì bẹ́ẹ̀, kí orin tó dé iwájú akọrin, yóò gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́wọ́ ikú.

Ibi tí agbára rẹ̀ pin sí wà, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. ABC kò sí lára àwọn ọ̀mọ̀ràn náà. Ohùn dùndún tí àyàn ń fi apá fún, tí ó ń yọ̀ láti òkè sí ìsàlẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ tẹ ibì kan láàárín, kò sí lẹ́tà tí ó dúró fún un. Ohun tí a bá kọ ni ohùn àkàbà, tí ó ń gun ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjálá àti rárà kò ní bar tí a lè há wọn mọ́. Ohùn tí ẹ̀rọ fi ń kọ orin kò ní èémí, kì í dúró gba afẹ́fẹ́, kì í mọ ibi tí ó yẹ kí a ti rọra. Ẹni tí ó bá fi í kọ́ orin láìsí olùkọ́ tí ó jẹ́ ènìyàn yóò kọrin bí aago ògiri. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà pẹ̀lú: ẹni tí ó fẹ́ ìwé tí ó rẹwà fún ìtẹ̀jáde, LilyPond wà fún un, òun náà jẹ́ orin tí a fi lẹ́tà kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó le ju ABC lọ; ẹni tí ó sì ti ní orin rẹ̀ nínú MuseScore tàbí Sibelius lè gbé e jáde ní MusicXML, kí ó fi xml2abc ti Willem Vree sọ ọ́ di lẹ́tà.

Nítorí kí ni ènìyàn yóò fi sọ ọ́ di lẹ́tà nígbà tí ó ti ní i níbòmíràn? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn oníṣòwò tí ó ni Finale, ètò ìkọrin tí ó ti wà láti ọdún 1988, tí àìmọye olórin ti fi ìgbésí ayé wọn sínú rẹ̀, kéde pé àwọn kò ní ṣe é mọ́. Orin tí ó wà nínú fáìlì rẹ̀ ń fẹ́ ètò náà kí ó tó lè ṣí. Orin tí a fi lẹ́tà kọ kò fẹ́ ẹnikẹ́ni: kọ̀ǹpútà tí ó ti gbó lè ṣí i, a lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ọmọ tí a kò tíì bí sì lè kà á láti orí bébà náà. Àwọn olórin ilẹ̀ Ireland ti mọ èyí. Ìkànnì tí Jeremy Keith dá sílẹ̀ tí ń jẹ́ The Session kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin tí àwọn ènìyàn lásán tẹ̀ sínú ABC. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn sì jókòó ti àwọn ìwé O'Neill náà, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí Bob Sturm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ bí a ti ń dá orin ìbílẹ̀, orin tí ó lé ní 23,000 láti The Session ni wọ́n rí kó fún un. Ó ń ká mi lára nígbà tí mo bá rò ó pé orin ilẹ̀ wa, tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò tíì ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìwé sol-fa àwọn ọ̀gá akọrin tí ó ti kú wà nínú àpótí ìjọ, tí ikán ń jẹ etí rẹ̀, tí fọ́tókọ́pì fọ́tókọ́pì rẹ̀ sì ti ń parẹ́.

Àwọn orin inú àpótí yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ kàn, ju àwọn tí ìwé wọn pọ̀ lọ́jà lọ: áńtíìmù tí ẹnì kan ṣe fún ọjọ́ ìyàsímímọ́ ilé Ọlọ́run ìlú rẹ̀, tí kò ju ẹ̀dà méjì lọ. Kí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kọ orúkọ ẹni tí ó dá a sí iwájú C, kí ó kọ ibi tí ó ti rí i sí iwájú S, kí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú Z, nítorí ibẹ̀ ni òfin ABC yàn fún ẹni tí ó ṣe àdàkọ. Ìtàn orin náà, ọdún tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ àti ayẹyẹ tí a fi ṣe, yóò wà ní iwájú H. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 dáàbò bo orin fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ẹni tí ó dá a kú. Orin Ransome-Kuti, tí ó kú ní ọdún 1930, ti bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn láti ọdún 2001, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ lónìí kí ó sì fi ránṣẹ́ síbi tí ó bá wù ú. Ti Phillips, tí ó kú ní ọdún 1969, yóò wà lábẹ́ ààbò títí di òpin ọdún 2039. Ti Fela Sowande, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí ó sì kú ní ọdún 1987, títí di òpin ọdún 2057. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹgbẹ́ akọrin kan má tẹ wọn fún ìpamọ́ nísinsin yìí bí àwọn ẹbí bá gbà, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí ìyọ̀ǹda náà dé sí iwájú N, lábẹ́ orúkọ ẹni tí ó fún wọn ní i.